Orúkọ Àdùfẹ́ Lójú Kọ̀ǹpútà

Láti kékeré ni wọ́n ti ń pe Morìnsọ́lá ní òǹkọ̀wé ládùúgbò wọn ní Ajégúnlẹ̀. Òun ló ń kọ eré Kérésì fún ṣọ́ọ̀ṣì. Àdùfẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kì í kọ nǹkan kan ní tiẹ̀. Ìdí kọ̀ǹpútà ló ti ń ṣiṣẹ́, ní ọ́fíìsì àwọn tó ń gba ẹrù jáde ní Àpápá.

Lọ́dún 1995, ẹnjiníà ọkọ̀ òkun kan fún Àdùfẹ́ ní dísíkì kan. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ̀wé ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ṣe é kò tà á. Ó ní kí ẹni tó bá wù ú dà á kọ, kó tú u wò, kó tún un ṣe, kó sì fún ẹlòmíì. Àdùfẹ́ tú u lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ oṣù ló fi ń jókòó tì í lẹ́yìn iṣẹ́, títí ètò náà fi lè fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá, kó sì fi àmì sísàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ. Ẹnikẹ́ni tó bá mú dísíkì wá, ó ń dà á kọ fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Kò pẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi kún ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà Lucky ní Boundary, ní Ajégúnlẹ̀ níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá wọn. Tí wọ́n bá ti ṣí ètò náà, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ rí ni: Àdùfẹ́ Ṣówándé ló tún un ṣe.

Orúkọ yẹn ń ta Morìnsọ́lá lójú. Òun náà ń lo ètò náà ní ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ Àìkú kan, pásítọ̀ ní kí ìjọ pàtẹ́wọ́ fún Àdùfẹ́. Morìnsọ́lá pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò dún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ló wá rí i pé tí òun bá tẹ "mo ń lọ", àmì orí "ń" kì í jáde lórí bébà. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó rí owó he. Ó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù Lucky.

"Ẹ má lò ó mọ́ o," ló wí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. "Á ba iṣẹ́ yín jẹ́."

"Ah-ah! Wetin do am?" ni Lucky bi í.

"Ẹni tó ṣe é kò mọ Yorùbá kọ."

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Àdùfẹ́. Ó ti ọ́fíìsì wá sílé Morìnsọ́lá tààrà.

"Morìnsọ́lá, o rí àṣìṣe, o ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ fún ẹ, kí wọ́n tún lè pàtẹ́wọ́ fún ẹ? Èmi ni mo ń kọ̀wé láti kékeré, Àdùfẹ́. Èmi ni!"

Àdùfẹ́ rọra jókòó. "Ta lo rò pé mo ṣe é fún? Bó o ṣe máa ń fi bírò ṣe àmì sórí gbogbo eré rẹ ni mo rí, tó ń ṣe mí láàánú. Wá sí Àpápá lọ́jọ́ Sátidé. Màá fi ibi tó ti bà jẹ́ hàn ẹ́, kí ìwọ fúnra rẹ tún un ṣe."

Ojú ti Morìnsọ́lá, síbẹ̀ ó lọ. Ó ń tẹ̀, ó ń pa á rẹ́, títí "ń" fi jáde dáadáa. Àdùfẹ́ kọ orúkọ Morìnsọ́lá sábẹ́ tirẹ̀.

Morìnsọ́lá fúnra rẹ̀ ló gbé ètò tuntun náà lọ fún Lucky, ó sì bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ohun tó sọ lọ́jọ́sí. "Ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí Àdùfẹ́," ni wọ́n wí. Ó dùn ún wọra. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sátidé mìíràn dé, ó tún wọkọ̀ lọ sí Àpápá, torí ó ti fura sí àṣìṣe mìíràn, kò sì fẹ́ kí Àdùfẹ́ kọ́kọ́ rí i.