Aṣọ Òtútù Kòkànyín

"O fo ojú òwú kan," ni ìyàwó rẹ̀ wí láti orí ibùsùn. "Tú u padà."

Ọkùnrin náà gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ súnmọ́ fèrèsé. Òun kò rí ojú kankan tó fò. Ohun tó rí ni òwú aláwọ̀ eérú tó lọ́ mọ́ra bí ìfun adìẹ, àti abẹ́rẹ́ kíróṣé, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìkọ́, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù sáàárín àwọn ìka rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ni àwọn ìka náà mọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wa ọkọ̀ tó gùn bí ilé, débi pé títí di òní, tó ti fẹ̀yìn tì, Dírẹ́bà ni gbogbo ayé ṣì ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ náà kò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀.

"Dírẹ́bà, mo ní kí o tú u."

"Ṣé ajá ló máa jókòó ka ojú rẹ̀ ni?"

"Ojú tó fò yẹn ni òtútù máa gbà wọlé."

Ó tú u. Lábẹ́ ibùsùn, ajá mí kanlẹ̀. Kòkànyín ni orúkọ rẹ̀. Obìnrin náà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tó gbé e wálé ní kékeré, tí àwọn aládùúgbò ń béèrè ohun tó fẹ́ fi ajá ṣe. Ẹni tó bá ti béèrè orúkọ ajá ti gba èsì ìbéèrè kejì mọ́ ọn nìyẹn.

Híhun aṣọ òtútù fún àwọn ọmọ ọwọ́ ni iṣẹ́ obìnrin yìí kí àìsàn rọpárọsẹ̀ tó dé, tó mú apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Láti ìgbà náà kò béèrè òwú mọ́. Nígbà tó yá, àìsàn awọ ara mú ajá náà. Dókítà ẹran fá gbogbo irun rẹ̀ kí oògùn lè wọlé, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an sì ni òjò olótùútù bẹ̀rẹ̀. Kòkànyín ń gbọ̀n lábẹ́ ibùsùn, ibùsùn ń bá a gbọ̀n. Wọ́n fi aṣọ bò ó, aṣọ ń já bọ́ nígbàkigbà tó bá dìde.

"Gbé àpò òwú mi wá," obìnrin náà wí lọ́jọ́ kan.

Ó fi ọwọ́ òsì gbìyànjú. Abẹ́rẹ́ bọ́. Ọkọ rẹ̀ mú un fún un, ó tún bọ́. Ó kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Ọkọ rẹ̀ súnmọ́ ibùsùn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú abẹ́rẹ́ nílẹ̀, ó fa àga mọ́ra.

"Sọ ohun tí màá ṣe," ó ní.

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Obìnrin ń fẹnu hun, ọkùnrin ń fọwọ́ hun.

Bí obìnrin náà bá sùn lọ́sàn-án, Dírẹ́bà a máa lọ jókòó lábẹ́ páànù àwọn mẹkáníìkì tó wà lódìkejì òpópónà. Kò rí ìdí tí kò fi ní gbé iṣẹ́ rẹ̀ dání. Ọ̀gá mẹkáníìkì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe, yọ orí lábẹ́ bọ́ọ̀sì kan.

"Dírẹ́bà, ṣé ẹ ń retí ìkókó nílé ni?"

"Ajá ni."

Ẹ̀rín bú. Ọkùnrin kan tó wá gba ọkọ̀ rẹ̀ yọ fóònù, ó ya àwòrán.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín," Dírẹ́bà wí, kò gbójú sókè. "Nígbà tí mò ń fi okùn di ẹrù mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹ ní mo mọṣẹ́. Okùn náà nìyí. Ó kàn jẹ́ pé kò ki."

Àwòrán náà sáré ju gbogbo ọkọ̀ tí Dírẹ́bà wà rí lọ. Kò pẹ́ tó fi dé ọ́fíìsì tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú kejì. Lópin ọ̀sẹ̀, ọmọ náà dé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n Dírẹ́bà, tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé rí, tó sì máa ń bá gbogbo ènìyàn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n pẹ́ dé kíláàsì. Wọ́n bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, òwú wà lórí itan rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ wo ohun tí wọ́n ń pín kiri níbi iṣẹ́ wa." Ọmọ náà na fóònù sí i. "Wọ́n ń bi mí bóyá orí yín ṣì pé."

"Kí lo sọ fún wọn?"

"Kí ni kí n sọ?"

"O ò bá sọ pé ó pé."

"Àbúrò, gbé nǹkan yẹn sílẹ̀ nígbà tí a bá ń bá ọ sọ̀rọ̀," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Tí mo bá dúró láàárín ìlà, màá ṣì í kà. Mò ń gbọ́ yín."

"Ajá! Àwọn ènìyàn ń wá aṣọ tí wọn yóò wọ̀, ìwọ ń hun ti ajá."

"Ta ló béèrè aṣọ lọ́wọ́ mi tí mo fi dù ú?"

Ọmọ rẹ̀ jókòó sí etí ibùsùn. Ojú rẹ̀ wú bí ojú ẹni tí kò sùn. "Ọ̀rọ̀ ajá kọ́ nìyí, Bàbá mi. A ti jọ fẹnu kò lóṣù tó kọjá. Màámi á wá sọ́dọ̀ mi, ẹ̀yin á lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín, a ó wá ẹni tó máa gba ajá. Ẹ gbà bẹ́ẹ̀."

Òtítọ́ ni, ó gbà. Lóṣù náà, ìyàwó rẹ̀ yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní balùwẹ̀, wọ́n sì jọ wà nílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó rí i gbé. Ìtìjú ọjọ́ yẹn ló fi mi orí sí gbogbo ohun tí wọ́n ní kó gbà. Ó mọ̀ pé ọmọ òun kò ṣe ìkà. Ẹ̀rù ló ń bà á.

"Mo gbà," ó wí. "Ẹni tó bá ṣìnà, tó sì mọ̀ pé òun ṣìnà, ṣe ló máa wa ọkọ̀ padà sẹ́yìn. Mo ti wà á padà."

"Ta ló máa gbé Màámi? Tí ẹ bá tún jọ ṣubú ńkọ́?"

"Mo bẹ nọ́ọ̀sì kan nílé ìwòsàn, ó fi bí wọ́n ṣe ń gbé e hàn mí. Mi ò tíì jẹ́ kó bọ́ láti ìgbà náà." Ó gbé òwú náà sókè. "Ọwọ́ tó kọ́ eléyìí, kò sí ohun tí kò ní lè kọ́."

"Agídí," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Láti kékeré lo ti ya olóríkunkun."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ mọ̀ mí dáadáa. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ ti wọlé lẹ ti ń pín wa bí ẹrù, ẹnì kankan nínú yín kò tíì bi ẹni tó ni ara rẹ̀ léèrè."

Ọmọ náà yíjú sí ìyá rẹ̀. "Màámi, ṣé ẹ ò fẹ́ wá sọ́dọ̀ mi ni?"

Ọ̀rọ̀ tó bá wúwo kì í yá lẹ́nu obìnrin náà mọ́. Ó ní láti ti ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde. "Ilé rẹ dára," ó wí. "N ò lọ."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́."

"Mò ń kọ́ bàbá rẹ níṣẹ́. Wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa." Ó sinmi díẹ̀. "Ṣé ẹni tó hun irú èyí ni mo lè fi sílẹ̀ ní òun nìkan?"

Ọmọ náà wo aṣọ tó rí wọ́gọwọ̀gọ lórí itan bàbá rẹ̀. Kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín pa á, ẹkún sì tẹ̀ lé ẹ̀rín. Ẹ̀gbọ́n Dírẹ́bà dìde, ó gbá fìlà mórí.

"Tí ẹ bá ṣubú, ẹ má ránṣẹ́ sí mi."

"A ò ní ránṣẹ́ sí yín," Dírẹ́bà wí. Ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó tẹrí ba fún un bó ṣe yẹ, kò sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Ọmọ náà dúró di ìrọ̀lẹ́. Ó pààrọ̀ aṣọ ibùsùn ìyá rẹ̀, ó fọ balùwẹ̀. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó ní, "Inú mi ò dùn sí i o, Bàbá mi."

"Mo mọ̀. Máa wá bínú sí wa lópin ọ̀sẹ̀. Àyè wà."

Lọ́jọ́ tí aṣọ náà parí, òjò ti dá, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ṣì mú bí abẹ. Dírẹ́bà ti orí ajá bọ ọrùn aṣọ, ó fa ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì yọ. Apá kan gùn ju èkejì lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ sì wú bí ìgbà tí atẹ́gùn kó sí i nínú. Kòkànyín yí yàrá ká, ó gbọn ara, ó dúró. Kò gbọ̀n mọ́.

"Jẹ́ kí n mú un nasẹ̀ díẹ̀," Dírẹ́bà wí.

"Gbé mi sórí àga oníkẹ̀kẹ́ mi."

Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Láti ìgbà tí àìsàn ti fa ẹnu rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, obìnrin yìí kò tíì jẹ́ kí ará àdúgbò kankan rí òun. Bí àwọn oníbàárà rẹ̀ bá wá kí i, yóò ní kí ọkọ òun sọ pé òun ń sùn.

"Ìta tutù," ọkọ rẹ̀ wí.

"Èmi náà ní aṣọ òtútù."

Ó gbé e bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ ọ, ó bò ó lẹ́sẹ̀, ó so okùn ajá mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Bí wọ́n ṣe ń kọjá, àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì yí orí padà. Ẹnì kan rọra rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà wò ó lójú títí onítọ̀hún fi wo ibòmíràn.

Lábẹ́ páànù, òòlù dákẹ́. Ọ̀gá mẹkáníìkì nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó bọ́ síwájú. "Ìyá, ẹ káàbọ̀ síta." Ó wo ajá lọ, ó wò ó bọ̀. "Dírẹ́bà, apá kan mà gùn ju èkejì lọ."

"Mo rí i," obìnrin náà dáhùn kí ọkọ rẹ̀ tó yanu. "Àkọ́kọ́ ni. Èyí tó kàn máa dọ́gba."

"Ẹ tún fẹ́ ra ajá mìíràn ni?"

Obìnrin náà gbé ojú sókè sí ọkọ rẹ̀. "Àwọ̀ wo lo fẹ́ fún aṣọ òtútù tìrẹ?"

Àwọn ọkùnrin náà dúró de ohun tí yóò sọ. Ó lè ní dúdú. Ó lè ní àwọ̀ eérú, tí ẹnikẹ́ni kò ní fi bẹ́ẹ̀ fiyè sí.

"Pupa," Dírẹ́bà wí, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Pupa tó máa hàn láti òkèèrè."