Àwọ̀n Tí Mùsílíù Tún Ṣe

Mùsílíù fi àwọ̀n náà kọ́ ìkọ́ tó wà lára ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́, ó rọra fà á wálẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè ṣí, ó sì fa àga sún mọ́ ọn. Ó ti fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ láàárọ̀. Omi àkọ́kọ́ dúdú bí ẹni pé aṣọ mẹkáníìkì ni wọ́n fọ̀ nínú rẹ̀. Ní báyìí tó ti gbẹ, ó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí wúruwùru. Wọ́n ti gé e níbí, wọ́n ti gé e lọ́hùn-ún, àwọn etí okùn tó ṣẹ́kù sì ti tú, wọ́n ń yọ irun.

"Irú ìwà ìkà wo rèé?" ó wí jẹ́ẹ́.

Salihat, tó ń nu ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, yọjú wọlé. "Ẹ̀gbọ́n mi, ta lẹ ń bá jà?"

"Àwọ̀n ni."

"Ó ti dá yín lóhùn?"

"Tí mo bá ṣe tán lára rẹ̀, á dáhùn."

Salihat rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò kúkú lè fi nǹkan sílẹ̀. Microwave tí wọ́n ní ká dà nù, ẹ tún un ṣe. Ó wá ń gbóná ju ti ọjọ́ tí wọ́n rà á lọ. Ìrẹsì mi di èédú lánàá."

"Ìwọ lo gbé e sí i pẹ́ jù."

"Mo ti gbọ́ o, ẹnjiníà." Ó gbé korobá rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀rín rẹ̀ ṣì ń dún títí ó fi dé ìsàlẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Mùsílíù ló bá Salihat wá iṣẹ́ ìnulẹ̀ náà. Àdúgbò kan náà ni wọ́n ń gbé ní Hazel Crest, lẹ́bàá Chicago, ọkọ̀ Mùsílíù ló sì ń gbé e wá sí gbọ̀ngàn eré ìdárayá tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní Lansing lójoojúmọ́.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Mùsílíù. Apẹja ni bàbá rẹ̀. Ní ilé wọn, àwọ̀n tó bá ya kò gbọdọ̀ sùn lórí ìkọ́. Bí ọmọ ilé bá kọjá níwájú rẹ̀ tí kò jókòó tì í, ọ̀lẹ ni wọn yóò pè é. Ó ti pẹ́ tó ti fi Ẹ̀pẹ́ sílẹ̀, síbẹ̀ abẹ́rẹ́ onígi tí wọ́n fi ń hun àwọ̀n wà nínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbẹ́ ẹ. Ó wá okùn tó bá ti àtijọ́ mu, ó we é mọ́ abẹ́rẹ́, ó fi ìka méjì wọn ojú àwọ̀n kan tó ṣì pé, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì. Ó ti abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, ó yí i lẹ́yìn àtàǹpàkò, ó fà á títí kókó fi di. Kí kókó tuntun má bàa yọ̀, ó fi sísọ́ọ̀sì rẹ́ irun etí okùn àtijọ́ kúrò, ó sì gbá a sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Nígbà tó parí, òun gan-an fi ọwọ́ wá ibi tí ògbólógbòó ti pàdé tuntun, kò rí i. Inú rẹ̀ dùn.

Iṣẹ́ ògiri ló gbà á lọ́sẹ̀ náà. Àjọ tó ń ṣètò bọ́ọ̀lù àfọwọ́jùsáwọ̀n láàárín kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́jọ ní gúúsù Chicago àti ẹnu ààlà Indiana fẹ́ kí ìtàn ìdíje ẹ̀yìn sáà wọn wà lójú ògiri àbáwọlé. Pátákó kan fún ọdún kan. Mùsílíù kì í kan ohun tí kò bá tíì kà, nítorí náà ó ti mọ bí nǹkan náà ṣe ń lọ. Gbogbo ìgbà òtútù ni àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí máa ń bá ara wọn gbá bọ́ọ̀lù. Bó bá di oṣù kẹta, wọn á kó ara wọn jọ sójú kan. Ẹgbẹ́ tó bá pàdánù á lọ sílé. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo tó bá kù ni yóò ṣojú àjọ níbi ìdíje gbogbo Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́. Pátákó lẹ́yìn pátákó, ohun kan náà ló wà nísàlẹ̀: wọ́n jáde ní eré àkọ́kọ́. Ti ọdún 1997 nìkan ló yàtọ̀. Àárín pátákó yẹn ni wọ́n ní kí ó kan òrùka irin sí, kí ó sì fi àwọ̀n kọ́ ọ. Àwọ̀n tó bá nínú àpótí, nínú náílọ́ọ̀nù tí kò ní orúkọ lára, ló tún ṣe yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Ẹtì, Josephine Ọbádáre wá wo iṣẹ́. Òun ni òṣìṣẹ́ àjọ tó ń bójú tó ògiri náà, obìnrin tó máa ń yára rìn tó sì máa ń yára sọ̀rọ̀.

"Bọ̀dá Mùsílíù, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ wo bó ṣe rí straight. Àwọn alumni máa..." Ó ń wo òrùka irin. "Àwọ̀n wo lèyí?"

"Èyí tó wà nínú àpótí ni, madam. Mo..."

"Rárá. Tuntun lèyí. Èyí tí mo kó wá ti gé. Àwọn ọmọ 1997 ló gé e. Tí wọ́n bá gba ife-ẹ̀yẹ, wọ́n á gun àkàbà, ẹnì kọ̀ọ̀kan á gé okùn kan lọ sílé. Ọdún yẹn nìkan la dé àárín ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kù ní gbogbo Amẹ́ríkà, Bọ̀dá Mùsílíù. Ọdún kan ṣoṣo! Àwọn kan lára wọn ń bọ̀ lọ́la láti wá wò ó." Ó yíjú sẹ́yìn. "Ta ló palẹ̀ yàrá iṣẹ́ mọ́ lánàá?"

Salihat gbé ọ̀pá ìnulẹ̀ ti ògiri, ó kúnlẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan. "Èmi ni, mà."

"O da náílọ́ọ̀nù kankan nù?"

"Mo dà á nù, mà. Pàǹtírí ni."

"O tú u wò?"

"N ò tú u, mà."

"Wọ́n sì ti wá kó ìdọ̀tí lọ." Josephine fọwọ́ gbá iwájú orí ara rẹ̀. "O rí i pé o ti da nǹkan nù, o wá lọ mú àwọ̀n tuntun ní store, àbí? Kí n má bàa mọ̀?"

Salihat gbójú sókè, ó wo Mùsílíù. Kò wò ó bí ẹni tó ń bínú. Ó wò ó bí ẹni tó ń dúró de àgbà kí ó sọ̀rọ̀.

Ahọ́n Mùsílíù lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Ó rí omi dúdú tó dà nù láàárọ̀ àná. Ó rí irun okùn nínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Ó ní kí òun kọ́kọ́ mí, kí òun tó sọ ọ́. Ó mí. Kò sọ ọ́.

"Salihat, oṣù mẹ́ta rẹ ò tíì pé níbí," Josephine wí. "Mo máa bá supervisor sọ̀rọ̀. Má wá lọ́la. Tí wọ́n bá fẹ́ ọ ní Monday, wọ́n á pè ọ́."

"Ẹ má bínú, mà," ni Salihat wí. Gbólóhùn kan yẹn náà ni. Ó gbé korobá rẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ parí lọ́sàn-án, Mùsílíù ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ sílẹ̀ dè é. Ó rí i tó ń kọjá lọ sí ibùdókọ̀ lódì kejì títì, tó fa fìlà òtútù bo etí. Ó tẹ fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Salihat kò wẹ̀yìn. Bọ́ọ̀sì dé, ó wọlé.

Ní mọ́ṣáláṣí, lèmọ́mù ń wàásù lórí ọ̀rọ̀ mìíràn, lórí sùúrù láàárín tọkọtaya, síbẹ̀ ó ń ṣe Mùsílíù bíi pé gbogbo ìlà tó wà níwájú òun ló ń fetí sẹ́yìn. Ó forí kanlẹ̀. Ojú tí Salihat fi wò ó ló bá nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Kàfáyàtù ìyàwó rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, ó ṣì wọ aṣọ ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Mùsílíù ò fọwọ́ kàn án.

"Kí ló ṣe ọ́? Wọ́n gé shift rẹ ni?"

Ó sọ fún un. Nígbà tó dé ibi tó ti fọ àwọ̀n, Kàfáyàtù bú sẹ́rìn-ín. "O fọ̀ ọ́! Ọkọ mi. Wọ́n gbé ohun ìrántí lé ọ lọ́wọ́, o gbé e bọ omi ọṣẹ." Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Salihat, ẹ̀rín náà gbẹ.

"Dúró ná. Ó rí ọ nígbà tí ò ń ṣe é?"

"Ó rí mi. Ó tiẹ̀ bá mi ṣeré."

"Kò sì sọ?"

"Kò sọ."

"Nítorí pé ìwọ lo mú un débẹ̀. Ó ń pè ọ́ ní ẹ̀gbọ́n, kò lè na ìka sí ọ lójú ọ̀gá. Ọmọ ọlọ́mọ fi iṣẹ́ rẹ̀ bo ìtìjú rẹ, ìwọ wá jókòó síbí, ò ń jẹun."

"N ò tíì jẹ ẹ́."

"Má jẹ ẹ́." Ó gbé àwo náà padà sí kíṣìnnì.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Mùsílíù ti wà níwájú ògiri kí Josephine tó dé. Ọkùnrin kan tẹ̀ lé obìnrin náà wọlé, ó ga débi pé ó tẹrí ba lẹ́nu ọ̀nà, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Josephine ní Marvin nìyí, ó wà nínú ẹgbẹ́ ọdún 1997, ó sì tètè wá kí ó lè bá wọn to àga.

Mùsílíù kò dúró de ìgbà tí ahọ́n rẹ̀ yóò tún lẹ̀. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ kí àwọn méjèèjì lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà: pé àwọ̀n yìí kì í ṣe tuntun, pé òun ni òun fọ̀ ọ́ tí òun sì dí ihò rẹ̀, pé obìnrin tí wọ́n lé lánàá kò da àwọ̀n kankan nù.

Josephine padà sí Yorùbá láìmọ̀. "Ẹ mọ̀ lánàá? Ẹ dúró síbí, ẹ ń wò mí bí mo ṣe ń lé ọmọbìnrin yẹn?"

"Mo mọ̀, madam."

"Ó ga o, Bọ̀dá Mùsílíù! Mo ti pe supervisor. Mo ti ba orúkọ rẹ̀ jẹ́." Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Èmi náà ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀."

Marvin gbé ọwọ́ sókè, kò nílò àkàbà, ó sọ àwọ̀n náà kalẹ̀, ó sì ń fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò yíká.

"Iṣẹ́ rẹ dára," ó wí. "Mo wá ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀, n ò rí i. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú."

Ó yọ wọ́léẹ̀tì rẹ̀. Okùn kékeré kan wà nínú rẹ̀, ó ti pọ́n bí ewé tó gbẹ, eruku àtijọ́ àti òógùn ọwọ́ ló ràn án. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀n funfun náà, ó jọ ohun tó wá láti ìlú mìíràn.

"Kí ló dé tí o fi tún un ṣe?"

"Apẹja ni wá nílé," Mùsílíù wí. "Ẹni tó bá rí àwọ̀n tó ya, òun ló ní láti tún un ṣe. N kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń gé àwọ̀n nítorí ayọ̀ rí."

Marvin wo ojú rẹ̀ dáadáa. "O lè tú u?"

"Mo lè tú kókó tí mo ta. Ohun tí mo fọ̀ dànù àti ohun tí mo rẹ́ kúrò, n ò lè dá a padà."

Wọ́n jókòó sórí àga méjì tí wọn kò tíì tò, àwọ̀n sì wà lórí itan wọn. Mùsílíù mọ kókó ara rẹ̀. Ó ń fi ìdí abẹ́rẹ́ onígi ṣí wọn níkọ̀ọ̀kan, okùn tuntun sì ń bọ́ sílẹ̀. Bí ihò kan bá ti yọ, Marvin á fi ìka sí i.

"Èyí, ti kóòṣì. Ó ti kú. Èyí, ti ọmọkùnrin kan tí kò wọ pápá rárá lọ́dún yẹn. Orí bẹ́ǹṣì ló jókòó sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, òun la ní kó kọ́kọ́ gun àkàbà." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó ń bẹ̀rù ibi gíga. Àwa la di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú."

Nígbà tó kan tirẹ̀, Marvin mú okùn inú wọ́léẹ̀tì, ó fi etí okùn náà kan etí èyí tó wà lára àwọ̀n. Tẹ́lẹ̀, ó ní, irun méjèèjì máa ń wọnú ara wọn bí ìgbà tí wọn kò gé e rárá. Ní báyìí, àlàfo wà láàárín wọn, ó tó ìbú èékánná.

Mùsílíù rí àlàfo náà. "Ẹ dárí jì mí," ó wí.

Marvin kò sọ pé kò burú. Ó ká okùn rẹ̀ padà sínú wọ́léẹ̀tì. "Tú èyí tó kù," ó wí.

Nígbà tí àwọn èèyàn dé lọ́sàn-án, àwọ̀n ti wà lórí òrùka irin, ìsàlẹ̀ rẹ̀ wúruwùru. Ó funfun ju bó ṣe yẹ lọ. Josephine ti ní kí Mùsílíù fi káàdì kékeré kan sí abẹ́ rẹ̀ tó sọ pé wọ́n fọ̀ ọ́ ní àṣìṣe. Ó tún fún un ní ìwé ìkìlọ̀, Mùsílíù sì fọwọ́ sí i lórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Josephine jáde síta, tó pe Salihat lórí fóònù, tó ní kó padà wá lọ́jọ́ Ajé, tó sì bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ohùn tí gbogbo ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Mùsílíù dá ọkọ̀ dúró níwájú ilé Salihat, kò tẹ fèrè. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn nínú òtútù títí obìnrin náà fi jáde.

"Salihat, mo ṣẹ̀ ọ́. Ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀."

"Ẹ káàárọ̀, sà," Salihat wí. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló wọ̀, níbi tí kò jókòó sí rí.

Nígbà tí wọ́n dé Lansing, Salihat dúró níwájú ògiri àbáwọlé. Ó wo àwọn pátákó, ó wo àwọ̀n, ó ka ohun tó wà lára káàdì náà. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà, ó gba ọ̀dọ̀ ilé ìdáná àwọn òṣìṣẹ́ lọ, ó sì yọrí padà.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó pè é. "Microwave yẹn tún ti ń pariwo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án."

"N ò ní fọwọ́ kàn án," Mùsílíù wí, ó sì gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.