Àṣẹ Láti Gé Nkanyi

Obìnrin tó wá láti ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó igbó yí igi náà po, ó tún yí i po, ó ń wo ilẹ̀. Kóró ló ń wá. Ní gbogbo agbègbè Giyani, ọmọdé pàápàá mọ̀ pé abo igi nkanyi ló ń so, àti pé kóró inú èso rẹ̀ le, kì í tètè jẹrà. Ẹni tó bá ti rí kóró nídìí nkanyi, kó yáa mọ̀ pé abo ni. Àmọ́ kò sí kóró kankan nílẹ̀. Ilẹ̀ mọ́ bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Hasani Makhubele ló gbá a. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ni bàbá náà ti gba ìgbálẹ̀ olóògbé náà, kì í sì í jẹun àárọ̀ láìgbá ìdí igi yẹn. Nígbà tó wá gbọ́ pé àlejò ìjọba ń bọ̀, ó gbá a, ó tún un gbá. Ta ló fẹ́ kí àlejò bá ilé òun ní ìdọ̀tí?

"Akọ ni, àbí, Bàbá?" obìnrin náà bi í.

Ìgbà òtútù ni, igi ti wọ́wé tán, kò sí ohun tí èèyàn lè fi dá a mọ̀ lókè. Kí Hasani tó la ẹnu, Nyeleti ọmọ rẹ̀ ti fèsì pé ó ti tó ọdún méjì tí kò ti so. Kò parọ́. Ọ̀dá ló mú un. Hasani náà kò sọ pé abo ni. Kí ló kan òfin pẹ̀lú akọ tàbí abo? Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni pé ìjọba kì í jẹ́ kí wọ́n gé nkanyi, ì báà hù sáàárín ilé onílé.

Ohun tó gbójú lé gan-an nìyẹn. Nyeleti nìkan lọmọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni ní Polokwane, ọkọ rẹ̀ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó sì fẹ́ kó àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì padà wálé. Ẹ̀yìnkùlé tí nkanyi wà ló fẹ́ kọ́ yàrá sí. Hasani ti ń bẹ̀ ẹ́ tipẹ́ pé kó padà wálé, ẹnu wo ni yóò wá fi sọ pé rárá? Ó dá ọgbọ́n kan. Ó ní kì í ṣe òun ló ni nkanyi, ìjọba ló ni ín, kí àwọn lọ tọrọ àṣẹ. Ó rò pé òun ti rí ẹni tí yóò bá òun sọ pé rárá. Oorun tó sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn dùn.

Obìnrin náà kọjú sí ògiri yàrá Hasani, níbi tí gbòǹgbò ti la ilé. Ó ki ìka bọ inú ibi tó là, ó mi orí.

"Bàbá, igi yìí á pa yín sójú oorun," ó ní. "Bó sì ṣe jẹ́ akọ tí kì í so, a máa fún yín láṣẹ."

Hasani dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló tún lè ṣe? Àgbà tó ta ọgbọ́n, ọgbọ́n ti ta á padà.

Nígbà tí ooru bẹ̀rẹ̀, Nyeleti mú ìwé àṣẹ dé, ó mú ọkùnrin kan tó ní ẹ̀rọ agégi dání. Ó ní kí bàbá òun lọ jókòó síwájú ilé. Hasani kò lọ. Ó gbé àga sí abẹ́ igi bó ṣe máa ń ṣe, ó ń wo ọkùnrin náà bó ṣe ń so okùn mọ́ ẹ̀ka.

Àárò ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. N'wa-Chauke ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Láyé rẹ̀, tí èso nkanyi bá ti ń já bọ́, wọn kì í ti géètì ilé yìí. Àwọn obìnrin á wọlé pẹ̀lú àpò, wọ́n á ṣà á kí wọ́n tó rántí kí onílé. Ẹnikẹ́ni kì í ká a, wọn kì í sì í gbọn igi. Wọ́n á dúró dè é kó fúnra rẹ̀ já bọ́ ni. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, Hasani sọ igi lókò kó lè já díẹ̀ fún ìyàwó tuntun. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ṣé bí wọ́n ṣe fà á jáde nínú ìyá ẹ̀ náà nìyẹn, tí kò fi mọ sùúrù í ṣe? Ọjọ́ yẹn ni Hasani mọ̀ pé òun fẹ́ràn ìyàwó tí àwọn òbí fẹ́ fún òun. Tí wọ́n bá ti fi èso náà pọn ọtí tán, N'wa-Chauke á jókòó síbi tí Hasani jókòó sí báyìí, á máa fi òkúta pa kóró, á máa ròyìn àdúgbò fún un.

Ọkùnrin agégi náà fa ẹ̀rọ, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

"Nyeleti, má jẹ́ kó gé e."

Nyeleti ṣẹ́wọ́ sí ọkùnrin náà pé kó pa ẹ̀rọ. "Bàbá, ìjọba ti gbà."

"Ìjọba ní a lè gé e. Wọn ò ní dandan ni ká gé e."

"Ẹ̀yin lẹ ní ká tọrọ àṣẹ. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ látọjọ́ yìí?"

"Mo rò pé wọ́n á bá mi sọ pé rárá ni. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí n bá sọ ọ́, o ò ní wálé mọ́."

Inú ń bí Nyeleti, ó sì hàn lójú rẹ̀. Ó bi í bóyá igi ṣe pàtàkì ju àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ.

"Rárá o," Hasani ní. "Àmọ́ ìyá ẹ kú, ibí nìkan ni mo ti ń rántí ohùn ẹ̀. Nínú ilé, n kì í gbọ́ ọ."

Ọkùnrin ẹlẹ́rọ wojú Nyeleti, ó ń dúró de ohun tó máa sọ. Nyeleti wá rọra béèrè ibi tí òun àti àwọn ọmọ yóò máa sùn.

Hasani dìde, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. Ìgbà tó máa jáde, ó ń wọ́ ibùsùn rẹ̀ bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Yàrá tèmi ni kẹ́ ẹ wó," ó ní. "Gbòǹgbò ti gba apá ibẹ̀ lọ́wọ́ mi tipẹ́. Ẹ kọ́ tiyín síwájú ilé, kẹ́ ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún èmi náà níbẹ̀."

Ibùsùn náà há sẹ́nu ọ̀nà. Ó fà á títí, kò jáde. Nyeleti dúró, ó ń wo bàbá rẹ̀ bó ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ, lẹ́yìn náà ló ki ìwé àṣẹ bọ àpò, tó lọ di ìdí ibùsùn mú.

"Ẹ jẹ́ ká dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, Bàbá," ó ní. "Ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún yín sókè díẹ̀."