Òfin Ẹgbẹ́ Yàrá Kan

Ẹ má bá mi sọ pé Ẹgbẹ́ Yàrá Kan dára. Mo ti gbọ́ ìtàn wọn tó, ó ti sú mi. Inú ìtàn náà ni wọ́n bí mi sí. Kí n tó mọ Fátíà kà ni mo ti mọ̀ ọ́n, torí pé bàbá mi, Lìádì ọmọ Ìwó, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀.

Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyí. Ní ọdún 1957, ọmọ Yorùbá mẹ́rin ń kọ́ èdè Lárúbáwá àti òfin ẹ̀sìn ní Mẹ́kà, yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n sì jọ ń gbé ní àdúgbò Misfalah. Owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti ilé kì í tètè dé. Ebi ń pa wọ́n, àmọ́ ìtìjú ń pa wọ́n ju ebi lọ, torí àwọn èèyàn wa tó ń ṣagbe lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí Hárámù pọ̀ lọ súà, ojú alágbe làwọn ará ìlú sì fi ń wo gbogbo wa. Ni àwọn mẹ́rin yìí bá búra pé àwọn ò ní fẹnu ara àwọn tọrọ nǹkan kan láyé. Bí nǹkan bá ń ṣe ẹnì kan, ará yàrá rẹ̀ ni yóò rí i, ará yàrá rẹ̀ ni yóò bá a sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ tọrọ, ó ti jáde nínú ẹgbẹ́ nìyẹn. Kò sì gbọdọ̀ rán ìyàwó tàbí ọmọ, torí ẹnu ará ilé ẹni, ẹnu ẹni náà ni.

Mi ò ní purọ́, òfin náà ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Nígbà tí àìsàn dá Misbaudeen dùbúlẹ̀, tí wọ́n fẹ́ yọ orúkọ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́, bàbá mi ló lọ dúró níwájú ọ̀gá wọn títí ọ̀gá fi gbà. Misbaudeen ọ̀hún ló di Kádì Àgbà nílé lónìí, tí àwọn lọ́yà ń tẹríba fún. Nígbà tí Fàtíù dé lẹ́yìn wọn, tí kò rílé tí kò rọ́nà, bàbá mi ló bá a sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ Adil, ọmọ olówó Jídà tí wọ́n jọ ń kàwé. Adil ti di Shaykh Adil báyìí, òun àti Fàtíù ló sì jọ ń ṣòwò. Uwais tó dé gbẹ̀yìn di ọ̀jọ̀gbọ́n. Mínísítà wà nínú wọn, àwọn lémọ́mù ńlá wà níbẹ̀. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn Háájì, gbogbo èyí tó bá wá nínú wọn á pé jọ nílé wa ní Mẹ́kà, wọ́n á jẹun, ẹni tó kéré jù á wá ka ìtàn ẹgbẹ́ sókè láti orí.

Bàbá mi ńkọ́? Ó ń bá Sáúdì kan ta tẹ̀sùbáà àti fìlà ní Misfalah. Ẹni tó sọ̀rọ̀ fún gbogbo ayé, orí àpótí ló jókòó sí.

Nínú ààwẹ̀ ọdún 1995, Sáúdì náà kú. Òun ni kàfíìlì bàbá mi, ìyẹn ọmọ ìlú tó dúró fún un lójú ìjọba. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti ìsọ̀ pa. Ní ìlú yìí, ẹni tí kò ní kàfíìlì kò ní ìwé, ẹni tí kò sì ní ìwé, ilé ló ń lọ. Wọ́n ní kí bàbá mi máa lọ kí oṣù Múhárámù tó parí. Ọkọ mi, Fadl, Hausa tí wọ́n bí síbí ni, òun gan-an wà lábẹ́ kàfíìlì, kò lè dúró fún ẹnikẹ́ni. Mo lọ sí ọ́fíìsì Shaykh Adil ní Al-Balad ní Jídà pé kó wá ṣe kàfíìlì bàbá mi, akọ̀wé rẹ̀ ò jẹ́ kí n kọjá ẹnu ọ̀nà.

Kí ni bàbá mi fẹ́ lọ ṣe ní Ìwó? Kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí àbúrò tó kù. Ìyá mi, Jàmíìlàt, wà ní itẹ́ òkú Ma'la níbí. Ohun kan ṣoṣo tí bàbá mi ń bẹ Ọlọ́run fún ni kí wọ́n sin òun síbẹ̀.

Nígbà tí Háájì parí, èmi fúnra mi ni mo lọ pe àwọn èèyàn ńlá náà ní òtẹ́ẹ̀lì wọn ní Ash-Shubaikah. Gààrí tí àwọn tó wá ṣe Háájì gbé wá ni mo fi tẹ ẹ̀bà, mo se ẹ̀gúsí pẹ̀lú ẹran àgùntàn. Mo wá gbé àpótí ẹrù bàbá mi méjèèjì sí àárín pálọ̀ ní ojútáyé. Mo ní ojú lọ̀rọ̀ wà, wọ́n á rí i, wọ́n á bèèrè. Kádì fẹsẹ̀ kọ àpótí kan bó ṣe fẹ́ jókòó. Ó tún ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé, ó ní, "Ẹ kú ìnáwó o, Rasheedat."

Wọ́n jẹun. Uwais ka ìtàn. Nígbà tó dé orí orúkọ bàbá mi, ó ní, "Lìádì, ìpìlẹ̀ wa, ẹni tó sọ̀rọ̀ fún gbogbo wa, tí kò tọrọ nǹkan kan rí." Gbogbo wọ́n ṣe àmín. Omi lé ròrò lójú bàbá mi, inú rẹ̀ dùn bí inú ọmọdé.

Kádì bi í pé, "Ìsọ̀ ńkọ́, Lìádì?"

"A dúpẹ́."

Fàtíù ní, "Ọ̀dọ̀ Shaykh Adil ni mò ń lọ lọ́la ní Jídà."

Kádì wo Fàtíù, torí Fàtíù ló mọ Shaykh. Fàtíù wo Kádì, torí àgbà ló yẹ kó kọ́kọ́ lanu. Uwais ní tirẹ̀ ń fọwọ́, ó fọ ọ́ títí bí ẹni pé ó kó ẹ̀tẹ̀. Wọ́n mọ̀, mo fi Ọlọ́run búra, gbogbo wọn ló mọ̀.

Ara mi ò gbà á mọ́ níbi tí mo ti ń wò wọ́n. Mo ká aṣọ ẹnu ọ̀nà sókè, mo kúnlẹ̀ láàárín wọn. "Ẹ̀yin bàbá mi, kàfíìlì bàbá mi ti kú. Wọ́n fẹ́ lé e lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àlàájì Fàtíù, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu yín sí Shaykh Adil, ó ti parí."

Kádì kò bèèrè bóyá òótọ́ ni. Bàbá mi ló kọjú sí. "Lìádì, ṣé ìwọ lo rán an?"

Bàbá mi wò mí. Ó wo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Mi ò rán an. Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí. Àárò ilé ló ń sọ mí."

Ká ní ẹ rí ìdùnnú wọn! Kádì ní alihamudulilai, àárò ilé dára, ilé làbọ̀ sinmi oko. Wọ́n tẹ́wọ́ àdúà ìrìn àjò fún un. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ṣì wà.

Lẹ́nu ọ̀nà, Fàtíù fà mí sẹ́yìn. "Kì í ṣe pé mi ò fẹ́, ọmọ mi. Ó ní nǹkan ò ṣe òun. Tí mo bá tún lọ sọ̀rọ̀, mo ti sọ ọ́ di òpùrọ́ lójú ẹgbẹ́. Kó ṣá ṣẹ́jú sí mi, màá lọ."

Mo sáré padà. "Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣẹ́jú sí i. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

Bàbá mi jókòó lórí àpótí ẹrù rẹ̀. "Rasheedat, kí ni mo ní? Misbau ní kóòtù. Fàtíù ní ilé. Èmi, ohun tí mo ní ni pé mi ò tọrọ rí. Ṣé kí n wá jù ú nù lẹ́nu ọjọ́ ikú ni?"

Inú bí mi. Nígbà tí mo fi jáde, mọ́tò Fàtíù ti lọ.

Kí Múhárámù tó parí, Fadl fi mọ́tò gbé wa dé pápákọ̀ òfuurufú Jídà. Ọmọ mi, Umm Kulthum, ń fi Lárúbáwá bi bàbá àgbà rẹ̀ ní ìgbà tó máa padà, òun náà ń fi Yorùbá dá a lóhùn pé láìpẹ́. Ọmọ ológun kan tí irùngbọ̀n ò tíì kún lójú rẹ̀ ló jókòó níbi tí wọ́n ti ń lu òǹtẹ̀ àlọ-ì-dé sí ìwé ẹni tí kò ní padà mọ́. Ó ní kí bàbá mi tẹ̀ka, ó tẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà gbé òǹtẹ̀ sókè. Bàbá mi di ọwọ́ náà mú.

"Ọmọ mi," ó sọ ọ́ ní Lárúbáwá inú ìwé tí wọ́n kọ́ ọ nígbà èwe, "mo tọrọ lọ́wọ́ rẹ nítorí Ọlọ́run, má jẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ. Ìyàwó mi wà ní Ma'la. Jẹ́ kí n kú síbí." Orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀. Bàbá mi, Lìádì.

Ọmọ náà kò pariwo mọ́ ọn. Ó rọra já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó ní kì í ṣe òun ló ni àṣẹ, ó lu òǹtẹ̀, ó pe ẹni tó kàn.

Ìwó ló kú sí kí ààwẹ̀ mìíràn tó dé. Kádì fúnra rẹ̀ ló kírun sí i lára, wọ́n ní èrò pọ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn Háájì tó tẹ̀lé e, wọ́n tún wá sílé wa, mo tún se oúnjẹ. Uwais kà á pé Lìádì kò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni títí ọlọ́jọ́ fi dé. Mo wà lẹ́yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà, mo ti lanu láti sọ fún wọn. Àmọ́ tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á yọ ọ́ nínú ẹgbẹ́, nǹkan mìíràn kò sì kù tó jẹ́ tirẹ̀ láyé. Wọ́n ní àmín. Èmi náà ṣe àmín.