Ọkọ̀ Tí Wọ́n Fẹ́ Sọ Ní Málọmọ́

Ẹ̀rín Àlàájà Ìdíátù ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Màmá Gertrude sọ̀kalẹ̀ láti yàrá rẹ̀ ní Àgùdà láti gba búláòsì ní ṣọ́ọ̀bù tí Àlàájà ti ń ránṣọ nísàlẹ̀ ilé, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ó ní ọkọ̀ ogun tuntun kan ti gúnlẹ̀ sí Apapa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa sin ọkọ̀ epo àti ọkọ̀ oúnjẹ kọjá lójú òkun, níbi tí ogun àwọn ọlọ́ṣà orí omi ti gbóná lọ́dún yìí. Orúkọ ọmọ òun, tó fi bàálù jagun lápá àríwá títí tó fi kú sójú ogun lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, ni wọ́n fẹ́ fi sọ ọ́.

"Alhamdulillah! Theophilus ni wọ́n á máa pè é?"

"Rárá o. Wọ́n ní ká kọ orúkọ tí gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Málọmọ́ ni mo kọ."

Àlàájà yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu. "Ẹ̀n? Ọkọ̀ tí wọ́n ní kó má lọ mọ́! Ìyá Téó, ṣé Apapa ló fẹ́ jókòó sí bíi mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú ni?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Màmá bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kó tó gun àtẹ̀gùn dé ìdajì, ẹ̀rín ti gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Jael, ọmọ kan ṣoṣo tí Málọmọ́ fi sáyé lọ, wà lára àwọn ọmọ ogun ojú omi tí yóò bá ọkọ̀ náà lọ. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń gbéra. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì nìyí.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọmọ mẹ́ta ni Màmá bí, tó sì sin, ṣáájú èyí. Nígbà tí ìkẹrin dé, wọn ò tíì wẹ̀ ẹ́ tán tó fi ń bẹ̀ ẹ́: ibi tí o ti ń lọ yẹn, ọmọ mi, má lọ mọ́. Ẹ̀bẹ̀ ló di orúkọ. Ta wá ni í fi ẹ̀bẹ̀ àbíkú sọ ohun tí lílọ jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀? Orúkọ a máa ro ọmọ. Bó bá ro ọkọ̀ ńkọ́? Bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá dákẹ́ láàárín agbami, tí àwọn olè wá yí i ká? Èyí tó tún wá gún un lọ́kàn jù ni pé orúkọ náà ò kúkú dá ọmọ dúró. Àlàó ọmọ òun, àṣá a-fò-má-wẹ̀yìn, ó pàpà lọ. Àṣé orúkọ tí kò gba baba ni òun fẹ́ fi ṣọ́ ọmọ!

Ó kúnlẹ̀, ó ń gbàdúrà, ojú rẹ̀ sì wà lára fóònù. Kó tó ṣàmín, ó ti pe Solomon, ọ̀gá kékeré tó ń ṣètò ìsọmọlórúkọ ọkọ̀ náà.

"Ọmọ mi, ṣé wọ́n ti kọ ọ́ sára ọkọ̀?"

"Ọ̀la ni, Mà. Tó bá di agogo méjìlá ọ̀sán."

"Mo fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ ni."

"Kò le, Mà. Ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ̀yin àti Jael jọ fọwọ́ sí i. Òmíràn wà nínú fọ́ọ̀mù tí ẹ kọ. Ẹ ní ẹ tún ń pè é ní Dúrósinmí."

"Jésù! Ta ni kí ọkọ̀ dúró sin? Theophilus ni kẹ́ ẹ kọ, jàre."

Oorun ò kun Màmá lóru náà. Ní ọjọ́ kejì, Jael dé láti Yaba, níbi tó gba yàrá sí, ó wá dágbére. Ó ka lẹ́tà tí Màmá ti kọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Màmá, mi ò fẹ́ fọwọ́ sí eléyìí."

"Má bá mi ṣeré o, Jael. Orúkọ yẹn ò ṣiṣẹ́."

"Ta ló ní kò ṣiṣẹ́? Àwọn mẹ́ta tó ṣáájú bàbá mi, tẹ́ ẹ bá da ọjọ́ ayé wọn pọ̀, ṣé ó pé ọdún méjì?"

"Kò pé."

"Bàbá mi ńkọ́?"

Màmá tún ìró rẹ̀ ró.

"Ẹ dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́."

"Ọdún mẹ́rìndínlógójì."

"Àtoṣù mẹ́ta. Màmá, ọkọ̀ wo ló máa lo ọdún mẹ́rìndínlógójì nínú omi iyọ̀ tí wọn ò ní kan sáárá sí i? Ẹ jẹ́ kí tiwa náà rí bẹ́ẹ̀ lò."

"Ó ṣáà lọ."

"Ó lọ. Èmi náà á lọ lọ́la, Theophilus ò sì ní dì mí lẹ́sẹ̀ mú." Ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó mú bírò. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ tọ́ mi. Tẹ́ ẹ bá ní kí n fọwọ́ sí i, màá fọwọ́ sí i."

Fóònù dún. Solomon ni. "Mà, akunlé ti gun àkàbà. Èwo ni kó kọ?"

Màmá wo bírò tó wà lọ́wọ́ Jael. Bírò náà ò tíì kan ìwé.

"Málọmọ́," ó wí, bí ẹni tó gbé òkúta mì. "Solomon, dúró. Báwo ló ṣe fẹ́ kọ ọ́?"

"M, A, L, O, M, O, Mà."

"Láìfàmì sí i? Ta ló máa mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ni?"

"Páálí tí wọ́n gé lẹ́tà sí ò ní àmì, Mà."

"Ṣé kò ní búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ni?"

"Ó ní in, Mà."

"Kó fa àmì òkè sórí a. Kó kán ọ̀dà sábẹ́ ọ méjèèjì. Kó wá fa àmì òkè sórí ọ ìkẹyìn. Mi ò ní gbé fóònù sílẹ̀."

Ó ń gbọ́ tí Solomon ń pariwo sókè, tí atẹ́gùn ń gbé ohùn rẹ̀ lọ. Jael gbé báàgì kọ́ èjìká. Màmá nawọ́ sí i pé kó má tíì kúrò níbẹ̀.

"Ó ti fa ti àkọ́kọ́, Mà."

"Ìkẹyìn ńkọ́?"

"Ẹ ní sùúrù, Mà. Ọ̀dà ń ṣàn sílẹ̀."

"Kó nù ún nù. Kó tún un fà."