Àdúrà Tí Mo Gbà ní Fẹ́ẹ̀sì

Ọmọbìnrin kan tí mi ò rí rí ló dìde fún mi nínú bọ́ọ̀sì ní Princess Road ní Manchester láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé ṣe máa ń ṣe, ó ní, "Mummy Fẹ́ẹ̀sì! Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, Mummy Fàúsátù yẹn ńkọ́? Ṣé kókó ọyàn wọn ti yọ́?"

Mo ní, "Kí lo sọ?"

Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Èmi rèé nínú aṣọ ìwọ̀sùn, tí mo ń yí orísun omi ká nínú àgbàlá hòtẹ́ẹ̀lì, tí mo ń pàtẹ́wọ́, tí mo ń ké pe Ọlọ́run mi. Wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Màmá mi ti sọ ààfin di ṣọ́ọ̀ṣì." Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì èèyàn ló ti wò ó. Orúkọ Fikáyọ̀ ló wà lókè rẹ̀, ọmọ tí mo fi inú mi bí.

Mo sọ̀ kalẹ̀ kí n tó dé ibi tí mò ń lọ. Láti Jímọ̀ ni mo ti ń pe Fàúsátù tí kò gbé fóònù. Mo mọ ìdí rẹ̀ báyìí.

Fàúsátù àti èmi jọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú yìí, nígbà tí Hulme ṣì kún fún àwọn ilé gogoro tí wọ́n ti wó báyìí. Òun ń kírun, èmi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ò yà wá rí. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n lọ sí ìrìn àjò inú fídíò yẹn, ó gbá ọwọ́ mi mú, ó gbé e lé kókó tó wà ní ọyàn rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ nìkan ni mo fi hàn. Ṣẹ̀san ọmọ mi ò gbọdọ̀ gbọ́, àfi bó bá ṣe ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ tán." Nígbà tó gbọ́ pé Fikáyọ̀ fẹ́ mú mi lọ sí Fẹ́ẹ̀sì ní Mòrókò fún ọgọ́ta ọdún mi, ó ní, "Ìlú àwọn àfáà ńlá nìyẹn. Bí o bá dé mọ́ṣáláṣí àtijọ́ wọn, bá mi bẹ Ọlọ́run."

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi nìyẹn.

Hòtẹ́ẹ̀lì yẹn, ilé ọlọ́rọ̀ ayé àtijọ́ ni. Igi òkè àjà rẹ̀, wọ́n fín in bí ẹní ń fín igbá. Igi ọsàn wà nínú àgbàlá, tíì ni wọ́n sì ń dà láti òkè sínú ife kékeré, kò ní ta sílẹ̀. Nínú ìlú, ọ̀nà há débi pé nígbà tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan gbé awọ tútù kọjá, mo lẹ̀ mọ́ ògiri bí alángbá. Níbi tí wọ́n ti ń pa awọ láró, wọ́n fún wa ní ewé olóòórùn dídùn ká fi dí imú. Mi ò fi dí i. Mo dúró, mo ń wo àwọn kòtò aró wọ̀nyẹn, mo rántí ìkòkò aró ìyá mi ní Ìtòkú. Fikáyọ̀ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn fóònù rẹ̀. Mo rò pé àwòrán ìrántí ló ń yà.

Wọ́n ò jẹ́ kí n wọ mọ́ṣáláṣí, torí èmi kì í ṣe Mùsùlùmí. Mi ò jà, ilé onílé ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìpè àfẹ̀mọ́júmọ́ dún lọ́jọ́ kejì, mo ní àsìkò Fàúsátù rèé. Mo sọ̀ kalẹ̀ sí àgbàlá. Bí a bá ń gbàdúrà fún èèyàn nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í dárúkọ rẹ̀ lásán. A ó pe ìyá tó bí i, a ó kì í, a ó dárúkọ ibi tó ń dùn ún, kí àánú má baà ṣìnà.

"Ọba atẹ́rẹrẹ kárí ayé! Ọlọ́wọ́ gbọgbọrọ! Fàúsátù Àṣàkẹ́, ọmọ Ràbíátù, tó ń gbé Hulme, ni mo gbé wá. Àṣàkẹ́ tí a ṣà nínú igba ọmọ ká tó kẹ́ ẹ. Ọyàn ọ̀tún rẹ̀ tó fi bọ́ Ṣẹ̀san ni kókó sọ dilé. Kókó, yọ́ bí òrí tó rí oòrùn!"

Ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gba ohùn mi, wọ́n gbé e lọ sókè. Òkè ni Fikáyọ̀ dúró sí.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè yẹn, nígbà tí mo padà sílé, mo bá Fikáyọ̀ ní kíṣìnnì wa ní Moss Side.

"Kí ni mo ń sọ nínú fídíò yìí?"

"Ẹ ń pray now, Mummy. It's cute. Gbogbo èèyàn ló love yín."

"Ṣé mo bi ọ́ bóyá wọ́n fẹ́ràn mi? Mo ní kí ni mo sọ!"

Ó wo ilẹ̀. "Mi ò gbọ́ gbogbo ẹ̀. Yorùbá yẹn ti jinlẹ̀ jù."

"O gbé ẹrù tí o ò tú wò dé ojú ọjà, o wá ń pàtẹ rẹ̀!" Mo sọ fún un. Ojú tì í. Ó ń tẹ fóònù wìtìwìtì. "Mo ti delete ẹ̀, Mummy."

"Ṣé wàá bá mi delete ẹ̀ nínú fóònù ọmọ inú bọ́ọ̀sì? Ẹyin lohùn, ó ti fọ́!" Mo gbé ọwọ́ sókè láti fọ́ ọ létí. Ọlọ́run ló dá ọwọ́ náà dúró. "Wọ bàtà rẹ."

Ṣẹ̀san ló ṣílẹ̀kùn fún wa ní Hulme. Ọmọ tó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí n tó wọlé, "Ẹ wọlé" nìkan ló sọ. Fàúsátù jókòó, kò dìde.

"Mo ní kí o sọ fún Ọlọ́run," ó ní. "Mi ò ní kí o sọ fún Manchester."

"Fàúsátù, ọmọ yìí ló..."

"Panu mọ́! Ṣé Fikáyọ̀ ló la ẹnu rẹ? Ọlọ́run tí etí rẹ̀ ò di, ìwọ ló ń pariwo fún! Ọ̀rẹ́ Ṣẹ̀san fi fídíò náà ránṣẹ́ sí i láàárọ̀ Jímọ̀, lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìdánwò. Kò wọlé mọ́. Ó sáré wá sílé wá bi mí bóyá mo fẹ́ kú."

Inú bí mi. "Ìwọ lo rán mi níṣẹ́!"

"Mo rán ọ. O ò fi tọmọ jẹ́ ẹ."

Fàúsátù yíjú sí Fikáyọ̀ tó wà lórí ìkúnlẹ̀. "Jókòó tì mí. Ó ṣì wà nínú fóònù rẹ, àbí? Tẹ̀ ẹ́."

Ohùn mi kún ilé. Bí mo bá ti sọ ìlà kan, Fàúsátù á dá a dúró, á ṣàlàyé rẹ̀ fún un, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹní ń kọ́ ọmọ ní ìwé. Orúkọ ìyá òun. Àṣàkẹ́. Nígbà tó kan ọyàn, ó gbá ọwọ́ Fikáyọ̀ mú, ó gbé e síbẹ̀, bó ṣe gbé tèmi. Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ṣẹ̀san kọjú sí fèrèsé.

"Bu omi fún un," Fàúsátù sọ fún Ṣẹ̀san. Ife kan ni Ṣẹ̀san gbé wá. Kò sẹ́ni tó fi omi lọ̀ mí.

Mo ní, "Ọjọ́bọ̀ ni hospital. Aago mẹ́wàá ni mo máa wá mú ọ, bá a ṣe sọ."

"Má wulẹ̀ wá. Ṣẹ̀san ló ń mú mi lọ. Ṣebí ó ti mọ̀."

Fikáyọ̀ tẹ̀ lé mi lẹ́yìn délé. Nígbà tí aago mẹ́wàá lù ní Ọjọ́bọ̀, mo jókòó sí kíṣìnnì pẹ̀lú kóòtù mi lọ́rùn, bí ẹni tí wọ́n ń retí níbì kan. Mo ki Fàúsátù nínú ọkàn mi, láti orí Ràbíátù títí dé orí Ṣẹ̀san. Ètè mi ò mì. Inú ń bí mi sí Fikáyọ̀, ó ń bí mi sí Fàúsátù, ó sì ń bí mi sí ẹnu tèmi yìí. Mo jẹ́ kí Ọlọ́run gbọ́ ìyẹn náà, ní ìdákẹ́.