Ojú Tí Ràṣídátù Ń Kà

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ yìí gan-an? Ìwọ ni tàbí ọmọ náà?"

Ìyáàfin Abọ́lá, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ náà, ti yọ awò ojú wọn. Wọ́n ń wo Motúnráyọ̀, ògbufọ̀ èdè ọwọ́, àti akẹ́kọ̀ọ́ adití tó jókòó níwájú rẹ̀ bí ẹni tó dé iwájú ilẹ̀kùn méjì tí kò mọ èyí tí yóò kàn.

"Ọmọ náà ni, mà," Motúnráyọ̀ dáhùn. "Bí ẹ bá ti gbọ́ 'mo fẹ́' lẹ́nu mi, Ràṣídátù ni ó fẹ́. Ohùn nìkan ni mo yá a. Ẹ jọ̀wọ́, ojú rẹ̀ ni kí ẹ máa wò bí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀, kì í ṣe tèmi."

"Kí n máa wo ẹni tí kò gbọ́ mi?"

"Ó ń rí yín, mà."

Ìyá Ràṣídátù rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta wáyà iná ní Alábà ni wọ́n ti wá tààrà, àpò owó ṣì wà ní ìbàdí wọn. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà béèrè ní ọdún tí àrùn yírunyírun gba etí ọmọ wọn lọ.

Ọ̀rọ̀ tó kó wọn jọ kò fara sin. Ràṣídátù fẹ́ wọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Ìyáàfin Abọ́lá rò pé iṣẹ́ aránṣọ ni yóò bá a mu, nítorí pé yàrá ìránṣọ wà ní ẹ̀yìn ilé ìwé, àwọn adití tó ṣáájú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ibẹ̀ ni gbogbo wọ́n gbà lọ. Lọ́la ni wọn yóò pín kíláàsì. Ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí nínú ọ́fíìsì yìí ni yóò di àṣẹ.

"Máa wò ó, Motúnráyọ̀," ni Ìyáàfin Abọ́lá wí. "Nínú kíláàsì, kò sí ìṣirò tó ń dí ọmọ yìí lọ́wọ́. Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ó fìdí rẹmi. Má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n ta ló ń ṣe iṣẹ́ inú kíláàsì?"

Motúnráyọ̀ kò bínú. Ìwé ẹ̀rí yunifásítì ni ó fi gba iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ olùkọ́ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí etí wọn kò gbọ́, ó sì mọ iyì ara rẹ̀. Kì í sáré rìn, kì í sáré sọ̀rọ̀. Láti Ìbà títí dé Okokomaiko, àwọn òbí a máa wí pé bí ọmọ àwọn bá ti bọ́ sọ́wọ́ Àǹtí Motún, ọkàn àwọn balẹ̀.

"Ọmọ náà ló ń ṣe é, mà. Ẹ rántí pé wọn kì í jẹ́ kí ògbufọ̀ wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Bí olùṣọ́ ìdánwò bá fẹnu ṣàtúnṣe ìbéèrè, ta ni yóò sọ fún un? Ẹ bi òun fúnra rẹ̀, ẹ ó gbọ́."

Lọ́tẹ̀ yìí, Ìyáàfin Abọ́lá kọjú sí ọmọ náà. "Ràṣídátù, kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọ nínú ìdánwò?"

Motúnráyọ̀ fi ọwọ́ túmọ̀ rẹ̀. Ràṣídátù wo ìyá rẹ̀, ó wo Motúnráyọ̀, ó wá rọra fi ọwọ́ béèrè pé: "Ṣé gbogbo rẹ̀ lẹ máa sọ?"

"Gbogbo rẹ̀," ni Motúnráyọ̀ fi ọwọ́ dá a lóhùn.

Òfin rẹ̀ nìyẹn. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni ó ti ń sọ fún wọn pé ohun tí ojú òun bá rí lọ́wọ́ wọn ni ẹnu òun yóò sọ, ìbáà ṣe ìyìn, ìbáà ṣe èébú. Kọ́lá, aláwàdà inú wọn, ti dán an wò rí. Ó fi ọwọ́ sọ fún olùkọ́ kan pé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń kun èèyàn lóorun, pé bàtà rẹ̀ pàápàá ti ya ẹnu, ó ń yán. Motúnráyọ̀ sọ ọ́ jáde kedere, kò bu iyọ̀ sí i, kò bu iyọ̀ kúrò níbẹ̀. Kọ́lá gé koríko lọ́jọ́ náà títí ọwọ́ rẹ̀ fi léròrò, ṣùgbọ́n kò tún sí adití kan tó ṣiyèméjì nípa ẹnu Àǹtí Motún mọ́.

Ràṣídátù mí kanlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ gbéra.

"'Mi ò kùnà torí pé kò sí ògbufọ̀,'" Motúnráyọ̀ ń sọ, ohùn rẹ̀ dúró ṣinṣin. "'Mo kùnà torí pé kò sí ojú Àǹtí Motún níbẹ̀.'"

Ohùn náà kọsẹ̀ díẹ̀. Ọwọ́ ọmọ náà kò dúró dè é.

"'Bí mo bá ń ṣe ìṣirò ní kíláàsì, iwájú mi ni wọ́n máa ń dúró sí. Bí mo bá fẹ́ ṣì í, wọ́n á fajú ro díẹ̀, màá sì pa á rẹ́. Bí mo bá gbà á, ojú wọn á tú ká, màá sì máa bá a lọ. Wọn ò mọ̀ pé àwọn ń ṣe é. Ojú wọn ni mo ń kà, mi ò ka ìṣirò.'"

"Yéè!" Ìyá Ràṣídátù gbá àyà mú. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé bó ṣe wí gẹ́lẹ́ nìyẹn? Ẹni tó ń ṣe é lóore!"

"Bó ṣe wí gẹ́lẹ́ nìyẹn, mà. Ẹ jẹ́ kó parí."

Yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó gbọ́ èdè ọwọ́ nínú ọ́fíìsì náà, ìyá ọmọ náà pàápàá kò gbọ́ ọ. Ká ní Motúnráyọ̀ sọ pé, "Ẹ̀rù ló bà mí nínú ìdánwò," wọn ì bá gbà á gbọ́, ọ̀rọ̀ ì bá sì parí síbẹ̀. Ojú rẹ̀ gbóná. Ojú yìí kan náà ni àwọn olùkọ́ rẹ̀ ń yìn nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, nítorí pé ojú ni ìdajì èdè ọwọ́: ojú ní í sọ pé ìbéèrè ni, ojú ní í sọ pé ọ̀rọ̀ gbóná tàbí ó tutù. Ó ti kọ́ ojú rẹ̀ láti máa sọ̀rọ̀. Kò bi ara rẹ̀ rí nípa ìgbà tó yẹ kó dákẹ́.

Ìyáàfin Abọ́lá fẹ̀yìn ti àga. "Ó tán. Ẹnu ọmọ fúnra rẹ̀ la ti gbọ́ ọ. Ìyá Ràṣídátù, iṣẹ́ aránṣọ kì í ṣe iṣẹ́ àbùkù o. Ẹni tó bá..."

Ràṣídátù fi àtẹ́lẹwọ́ lu tábìlì, ife tíì mì tìtì. Bí àwọn adití ṣe ń pe ara wọn nínú kíláàsì nìyẹn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tíì pe ọ̀gá àgbà bẹ́ẹ̀ rí.

"'Mi ò tíì parí!'" Motúnráyọ̀ sọ ọ́ pẹ̀lú agbára tó wà lọ́wọ́ ọmọ náà. "'Ẹ kọ ìṣirò kan fún mi nísinsìnyí. Kí Àǹtí Motún kẹ̀yìn sí mi.'"

Ìyáàfin Abọ́lá nawọ́ mú ṣọ́ọ̀kì. Ìṣirò ni àwọn náà ń kọ́ni kí wọ́n tó di ọ̀gá, ẹ̀rín sì ń wá sẹ́nu wọn lọ́nà tí wọn kò fẹ́. "Ẹnu ọmọ yìí mú o."

"Ọwọ́ ni, mà," ni Ìyá Ràṣídátù wí.

Motúnráyọ̀ rìn lọ sójú fèrèsé, ó sì kẹ̀yìn sí wọn. Lẹ́yìn ògiri, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń wọ́ lọ sí Ìyànà Ìbà, jẹnẹrétọ̀ kan ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìtẹ̀wé. Ó gbọ́ ṣọ́ọ̀kì ọ̀gá lórí pátákó kékeré tó wà lára ògiri. Ó gbọ́ nígbà tó bọ́ sọ́wọ́ Ràṣídátù, tó sì ń sáré. Etí nìkan ló kù fún un báyìí.

"Hùn-ún," ni Ìyáàfin Abọ́lá wí.

Motúnráyọ̀ mọ irú hùn-ún yẹn. Olùkọ́ tó ti rí àṣìṣe ní í ṣe é. Ó mọ àṣìṣe náà pẹ̀lú, bí ẹni pé ó wà lójú rẹ̀: Ràṣídátù yóò ti gbé nọ́ńbà kan kọjá sí apá kejì láìyí àmì rẹ̀ padà. Gbogbo sáà ni òun ti ń fajú ro sí i. Ọrùn rẹ̀ fẹ́ yí, ó di etí fèrèsé mú. Lẹ́yìn rẹ̀, Ìyá Ràṣídátù ń pe Ọlọ́run lábẹ́ ẹnu.

Ṣọ́ọ̀kì dákẹ́. Ó pẹ́ kó tó tún dún, ìlà gígùn kan ṣoṣo ló sì kọ́kọ́ fà, bí ìgbà tí èèyàn ń fagi lé nǹkan. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, wẹ́rẹ́ wẹ́rẹ́, títí ó fi dúró.

"Yíjú padà, Motúnráyọ̀."

Ìlà kan wà tí Ràṣídátù ti fagi lé. Lábẹ́ rẹ̀, ìṣirò náà gún régé dé ìdáhùn.

"Kò sí ẹni tó tọ́ka sí i fún un," ni Ìyáàfin Abọ́lá wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n wá wo ojú ọmọ náà. "Kí ló jẹ́ kí o fagi lé e?"

"'Mo mú ìdáhùn náà padà sínú ìbéèrè, kò bá a mu. Mo wá lọ wá ibi tí mo ti ṣì í.'"

Ọ̀gá àgbà tún awò ojú wọn wọ̀. "Sáyẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n sáà kan ni mo fún ọ. Bí ìdánwò sáà náà bá tún rí báyìí, a ó jọ padà sórí ọ̀rọ̀ yìí." Wọ́n yíjú. "Ìwọ ńkọ́, Motúnráyọ̀? Ibo ni wàá máa dúró?"

"Bí olùkọ́ bá ń sọ̀rọ̀, ẹ̀gbẹ́ olùkọ́ ni, mà. Bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn kíláàsì." Ó sọ ọ́ láìsáré, orí rẹ̀ sì wà lókè.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ràṣídátù fà á lápá. "Ṣé ẹ ń bínú sí mi?"

"Ó dùn mí," ni Motúnráyọ̀ fi ọwọ́ sọ, "ó sì dùn mí dénú. Ṣùgbọ́n ká ní o fi pa mọ́ fún mi ni, ìyẹn ni mi ò ní forí rẹ̀ jì ọ́."

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ní kíláàsì tuntun, Ọ̀gbẹ́ni Sàlámì, olùkọ́ ìṣirò, kọ iṣẹ́ sójú pátákó. Motúnráyọ̀ túmọ̀ gbogbo àlàyé rẹ̀ tán, ó gbé àga rẹ̀ gba àárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọjá, ó sì lọ jókòó sí ìdí ògiri ẹ̀yìn.

Ràṣídátù kọ díẹ̀, ó dúró. Ó gbójú sókè, ó wo iwájú rẹ̀, kò sí ẹnìkan níbẹ̀. Ó tún kọ, ó tún dúró. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó yí ẹ̀gbẹ́ kan sẹ́yìn kí Motúnráyọ̀ lè rí ọwọ́ rẹ̀ láti ibẹ̀, ṣùgbọ́n olùkọ́ ni ó tẹjú mọ́.

"'Ẹ jọ̀ọ́, sà,'" ni Motúnráyọ̀ wí láti ẹ̀yìn, "'ìlà kan wà tí kò yé mi.'"

Ọ̀gbẹ́ni Sàlámì kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn kíláàsì, níbi tí ohùn ti wá. Ó wá yíjú sí ọmọ tó wà ní ìdúró.

"Èwo ni, Ràṣídátù? Wá fi hàn mí."